Ìṣínu Ọ̀sán Gangan

Ní ilé wa ní àdúgbò Ojowo, bí oṣù ààwẹ̀ bá ti wọlé, ohun méjì péré ló ń jẹun lójú oòrùn: ewúrẹ́ àti ọmọ ọwọ́. Ọdún kan wá dé, èmi di ẹ̀kẹta wọn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Mo ti dàgbà nígbà náà, mo mọ̀wé, mo mọ̀ ọ́n kírun, lójú tèmi, ara mi sì dá ṣáká.

Ìgbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni, nígbà tí gbogbo ohun tó bá tóbi ń ti Ìbàdàn wá, tí àpótí Rédífúṣọ̀n á ti máa sọ̀rọ̀ lára ògiri kí àwa tó bọ́jú. Obì gbànja ni Bàámi ń tà. Gbogbo àgbàlá wa, obì ni. Bí wọ́n bá kó o dé láti oko, a ó rẹ ẹ́ sómi kí èèpo funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, a ó bó o, a ó ṣàn án, a ó wá tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí a ti tẹ́ ewé sí nínú. Iṣẹ́ ò tán síbẹ̀. Olóbì gbọ́dọ̀ máa tú apẹ̀rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, torí obì tí a kò bá tú wò, kòkòrò á wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì máa dán gbinrin. Bàámi mọ ìyẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó máa ń sọ pé òun lè fi imú mọ apẹ̀rẹ̀ tí kòkòrò ti wọ̀.

Ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù ààwẹ̀ tó ṣáájú ti ọdún tí mò ń wí yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, bíi ti gbogbo ayé. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà, èyí tí a ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ní Àgọ́-Ìwòyè. Ní òwúrọ̀ kan báyìí, ìkùukùu bo ọ̀nà, àwọn igi ńlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀, mo kàn rí i pé ebi ti kúrò lára mi. Kò dín o. Ó kúrò. Ara mi fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ pé ẹsẹ̀ mi ń wa kẹ̀kẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín ewé wọlé, ó ń bà lé mi lápá, mo sì rò pé bí mo bá jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ yìí sílẹ̀, n ó kàn máa lọ lójú afẹ́fẹ́ ni, n ó gba orí ìlú Ìlápòrú kọjá, kò ní sẹ́ni tó máa rí mi. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí ebi wọnú mi tán, gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù ló dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sì dùn mọ́ mi ju oyin lọ.

Ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lásìkò yẹn. Àyà mi ti yọ, ìdí mi ti yọ. Kò sí ìyá tó wọ àgbàlá wá rajà tí kò ní wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni ń yan iṣu lọ́jà, kó wá ní, “Háà, ọmọ yìí mà ti tó fún ọkọ o!” Bàámi á rẹ́rìn-ín, inú mi á bàjẹ́. Ṣé ohun tó fà á nìyẹn? Dókítà kan bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Títí di òní, tí irun mi ti funfun báyìí, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ni. Mo kàn mọ̀ pé mo fẹ́ fúyẹ́, mo fẹ́ kí ayé dákẹ́, mo sì ti rí ọ̀nà rẹ̀.

Oṣù náà parí, wọ́n lọ kírun ní Yídì, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Èmi san ààwẹ̀ àwọn ọjọ́ tí nǹkan oṣù mi kò jẹ́ kí n gbà, torí obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀, òfin ni, lẹ́yìn náà ló máa san án. Mo san án tán, n kò dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Mo tún fi ọjọ́ mìíràn kún un. Bí oòrùn bá wọ̀ tí wọ́n ní kí n ṣínu, n ó gbé àwo mi lọ sẹ́yìn ilé, pé atẹ́gùn wà níbẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ wa sanra lọ́dún yẹn, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n nígbà náà á jẹ́rìí mi.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ. Wọ́n ń yìn mí! Àwọn ìyá ẹgbẹ́ àdúrà á rí mi lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n á dá mi dúró, wọ́n á fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó ti wọnú, wọ́n á ní, “Ẹ wo ọmọdé tó ń sìn bí àgbà! Ọmọ àlùjánà!” Bó ṣe di orúkọ mi nìyẹn. Bàámi ra ìborùn funfun fún mi. Bó bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kò ní ṣàì mẹ́nu bà mí. “Ọmọ mi tó ń lọ mọ́dà yẹn, ẹ rí i? Ààwẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀ yẹn.” Oníbàárà á ní máṣáà Allah. Mo gbọ́ ọ, orí mi wú. Ìyìn náà ló wá di oúnjẹ mi.

Màámi nìkan ni kò yìn mí. Kò bá mi wí náà. Ó kàn ń wò mí ni. Ó ní kí n lo oògùn aràn, mo lò ó. Aràn wo? Aràn wo ló máa gbé inú ilé tí kò sóúnjẹ? Ó se ìkọ́kọrẹ́, ewùrà tó rọ̀ dáadáa, epo rẹ̀ ń dán, ẹja rẹ̀ ń yọjú, èyí tí mo fẹ́ràn jù láyé mi. Mo ní mo ti yó. Ó gbé ìkòkò náà kúrò.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, a jókòó yí apẹ̀rẹ̀ ká, a ń tú obì wò. Oṣù ààwẹ̀ tuntun ti ń bọ̀, mo sì ti wọ ààwẹ̀ àwọn ìyá àgbà, èyí tí wọ́n fi ń pàdé rẹ̀ lọ́nà láti nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Òórùn obì tútù àti ewé rírẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Oorun ń kùn mí, ohùn wọn ń dún létí mi bí ohùn ẹni tó wà lódìkejì odò. Bàámi ń fọ́nnu fún alájàpá kan pé, “Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ti ọdún yìí, kò já ọjọ́ kan ṣoṣo! Àwọn ìyá àgbà gan-an ń já, ọmọ mi ò já.”

Ọwọ́ Màámi dúró lórí obì. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Alájàpá náà lọ tán kó tó la ẹnu.

Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, àwọn ìyá àgbà ti kọjá ọjọ́ orí nǹkan oṣù. Ọmọ yìí ńkọ́? Obìnrin tó ti bàlágà, báwo ni kò ṣe ní já ọjọ́ kan?”

Kò tètè yé Bàámi. Ọkùnrin ni.

Màámi kọjú sí mi. “Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ gbẹ̀yìn?”

Mo fẹ́ dìde kúrò níbẹ̀. Mo dìde lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ àgbàlá dìde pẹ̀lú mi, gbogbo obì pupa, obì funfun, ń yí lọ níwájú mi jẹ́jẹ́, ó dára lójú mi, mo sì dùbúlẹ̀ sínú wọn. Ohùn Màámi ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn. “Ẹ gbà mí o! Ọmọ yìí ń kú lójú yín, ẹ̀ ń pè é ní aláàwẹ̀!”

Ilé ìwòsàn ńlá kan ni wọ́n gbé mi lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Dókítà náà, ọmọ Yorùbá ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ó ń sọ Yorùbá bí èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé, kò sí orin Ìjẹ̀bú kankan lẹ́nu rẹ̀. Ó yẹ̀ mí wò pẹ́. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ wọ́ irun múlọ́múlọ́ tó ti hù sí mi lápá. Bàámi ń ṣàlàyé fún un pé ẹ̀sìn ló jẹ́ kí n rù, pé aláàwẹ̀ ni mí.

Dókítà ní, “Ó dára.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ mi. “Ìgbà wo lo máa ń ṣínu?”

Ìbéèrè yẹn! Mo ti gbọ́ ìbéèrè tó le jù ú lọ nílé ẹ̀kọ́, mo dáhùn wọn. Èyí, n kò rí èsì rẹ̀. Bàámi ń wò mí, ó ń retí kí n sọ pé ìrọ̀lẹ́, bí gbogbo mùsùlùmí. N kò sọ ọ́.

Dókítà ní àìsàn ni, ó sì lórúkọ. Ó dárúkọ náà, ó gùn. Bàámi ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, Bàámi gbìyànjú, ahọ́n rẹ̀ lọ́ pọ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí a kúkú pè é ní ìfebipara. Ó ní òun rí i lára àwọn ọmọbìnrin níbi tí òun ti kẹ́kọ̀ọ́, òun kò sì rò pé òun máa bá a nílé. Ó ní kì í ṣe agídí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fi ṣe mí. Inú ọkàn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dé ara báyìí, ohun tó sì ń dí ẹni lẹ́nu kì í jẹ́ kí ẹni náà mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn.

Bàámi bínú. “Àìsàn òyìnbó! Ẹlòmíràn ń wá oúnjẹ kò rí, ẹni tó ní in kò jẹ ẹ́, ó wá di àìsàn!”

Dókítà kò bá a jà. Ó ní, “Bàbá, àyà rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá jẹ́ kó gba ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí, kò ní bá yín dé Yídì.”

Bàámi jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù.

Wọ́ọ̀dù náà, igi máńgòrò kan wà lójú fèrèsé rẹ̀, òjìji ewé rẹ̀ á máa rìn lórí aṣọ funfun mi látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì kan á gbé ògì àti mílíkì àti ẹyin wá, á jókòó tì mí, á máa fi abẹ́rẹ́ hun òwú. Kò bẹ̀ mí, kò nà mí, kò sì dìde. Mo kórìíra rẹ̀. Bí mo bá gbé ṣíbí sẹ́nu, ẹ̀rù á bà mí bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé ejò mì. Mo mọ̀ pé ògì ni, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹni tí kò bá ṣe rí kò lè mọ̀ ọ́n. Mo jẹ ẹ́ kí wọ́n lè jẹ́ kí n lọ ni. Ẹnu mi gbà, inú mi kò gbà. Mo ti ń rò ó pé oṣù ààwẹ̀ ti dé tán, ta ló máa fi oúnjẹ dí mi lọ́nà lọ́sàn-án nínú ilé mùsùlùmí?

Wọ́n jẹ́ kí n lọ. Dókítà ní kí n máa jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí ẹnìkan jókòó tì mí, kí n sì máa padà wá kó máa wò mí. A délé, oṣù lé. Gbogbo àdúgbò jáde síta láti wò ó, tẹ́ẹ́rẹ́ lókè ilé ẹ̀yìn wa. Ẹ̀mí mi fò lọ bá a. Mo ní ó ti tán, mo ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Kí ni mo rí lọ́jọ́ kejì? Bàámi, tí ààwẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, gbé àwo ọ̀sán wá fún mi fúnra rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀yin ni, Bàámi? Ẹ fẹ́ kí n máa jẹun nínú oṣù ààwẹ̀?” Mo mọ ibi tó máa dùn ún, ibẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn. Ó gbé àwo náà padà. Màámi pariwo lé e lórí. Màámi fúnra rẹ̀ wọ bàtà, ó lọ pe Àfáà mọ́ṣáláṣí wa.

Àfáà dé, ó jókòó sórí ẹní. Ó ní Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló yọ aláìsàn sílẹ̀ nínú ààwẹ̀, kí èmi má mọ ẹ̀sìn ju Ẹni tó ni ín lọ.

Mo ní, “Àfáà, ara mi dá.”

Ó ní, “Ta ni dókítà nínú wa níbí?”

Ó ní ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá ti pẹ́, tí kò lè gbààwẹ̀, yóò máa bọ́ tálákà kan dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni fìdíyà. Ó ní òun mọ ìyá arúgbó kan ní Òkè-Ṣọ́pẹ́n tí kò lè gbààwẹ̀ mọ́, kí n máa gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un. Mo ní n kò lọ. Mo ní bí mo bá san fìdíyà, mo ti gbà pé aláìsàn ni mí nìyẹn, n kò sì ṣàìsàn. Mo pariwo, èmi tí wọ́n ń pè ní ọmọ àlùjánà, mo pariwo lé Àfáà lórí.

Bàámi ló wá sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè. “Ìyá mi, obì tí mò ń tà, mò ń tú u wò lójoojúmọ́. Ìwọ tí mo bí, mò ń wo ojú rẹ tó ń dán, mò ń yìn ọ́. Ìyìn mi ló fẹ́ pa ọ́.” Ó fi etí agbádá nu ojú. N kò rí omi lójú Bàámi rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. “N kò fẹ́ ọmọ àlùjánà mọ́. Ọmọ tèmi ni mo fẹ́, kó wà níhìn-ín.”

Kí ni n ó sọ sí ìyẹn? Mo ní n ó gbé oúnjẹ lọ. Gbígbé e lọ nìkan o. Ká má tan ara wa, kò ṣòro fún mi láti bọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá nírú àìsàn mi, inú rẹ̀ á máa dùn kó máa wo èèyàn tó ń jẹun.

Ìyá Ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pe ìyá náà. Yàrá kan ló ń gbé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí sójú títì. Ará ìlú etí omi ni, níhà Àbígí, ẹja ló gbé e wá sílùú wa nígbà èwe rẹ̀, ọkọ sì dá a dúró. Ọkọ ti kú. Ọmọ rẹ̀ kan tó kù létí omi ló ń fi ẹja kíká ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé ìkọ́kọrẹ́ Màámi kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ṣí i, ó fi imú fà á, ó wá wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tó ń wá nǹkan.

“Tìrẹ dà?”

“Mo ń gbààwẹ̀, ìyá.”

“Irọ́. Àfáà ti sọ fún mi. Ìwọ ò gbààwẹ̀, èmi ò gbààwẹ̀. Jókòó.” Ó gbé ìkòkò kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ààrò, ọbẹ̀ ẹja díẹ̀ àti ẹ̀kọ ló wà níbẹ̀. “Èmi kì í dá jẹun. Létí omi lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń dá jẹun nínú ọkọ̀, tí egungun ẹja bá há a lọ́fun, ta ló máa gbá a lẹ́yìn? Jẹ tèmi, n ó jẹ tìrẹ.”

Mo ní mo ti jẹun nílé. Kò bá mi jiyàn. Ó bo àwo tèmi, ó bo ìkòkò tirẹ̀, ó ká ọwọ́ lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo títì. A jókòó báyìí. Oòrùn kúrò lókè orí, ó bọ́ sẹ́yìn ilé. Ọkọ̀ agégẹdú kọjá, eruku bò wá, eruku fò lọ. Mo gbọ́ tí ikùn rẹ̀ ń kùn. Arúgbó tí eegun ọrùn rẹ̀ ṣeé kà! Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹun, ó ní òun ti sọ tòun. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, mo rìn lọ sílé pẹ̀lú ẹkún, inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí ara mi. Ebi tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, èyí tó wà lára ẹlòmíràn kò dára lójú mi rárá.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún béèrè tèmi. Mo bu ẹ̀kọ, mo tì í bọ ọbẹ̀, mo gbé e sẹ́nu. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń dà lójú mi. Ó rí i, kò ní “pẹ̀lẹ́,” kò ní “kú oríire.” Ó kàn bu ìkọ́kọrẹ́ tirẹ̀ sẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ omi. Ó ní òwúrọ̀ ní ìlú òun, ènìyàn ò lè mọ ibi tí omi parí sí tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìkùukùu á gbé ọkọ̀ ẹni mì, a ò ní rí ẹni náà, orin rẹ̀ nìkan la ó máa gbọ́ tó ń lọ. Ó ní bí ìyá òun bá ń yan ẹja, èéfín rẹ̀ á máa sùn lórí omi bí ọmọ tó yó. Ohùn rẹ̀ ń lọ, ohùn rẹ̀ ń bọ̀. Mo ń gbọ́, ọwọ́ mi ń lọ sínú àwo, ń bọ̀ wá sẹ́nu, n kò bá a jà. Nígbà tí mo wolẹ̀, mo ti jẹ nǹkan bí ìlàjì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Àwọn ọjọ́ kan dára, àwọn ọjọ́ kan burú. Ọjọ́ kan wà tí ìyá ẹgbẹ́ àdúrà kan ń kọjá lójú títì, ó dúró, ó lanu. “Ọmọ àlùjánà! Ìwọ lò ń jẹun lọ́sàn-án gangan yìí?” Ojú tì mí, mo fẹ́ wọlẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ jẹ ni? Bí o kò bá jẹ, má fi òjìji rẹ bò wá lóúnjẹ.” Èyí ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín láti oṣù mélòó kan. Ẹ̀rín náà dùn mí níhà.

Ẹ má rò pé ẹnìkan fi ọbẹ̀ ẹja wò mí sàn o. Mo ń padà lọ bá Dókítà, ọdún gorí ọdún kí ó tó fi mí sílẹ̀. Nǹkan oṣù mi pẹ́ kó tó padà. Kódà nígbà tí mo ti di ìyàwó ilé, àwọn òwúrọ̀ kan wà tí ìfúyẹ́ yẹn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní kí n máa bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ mí.

Àmọ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ìlú ti ń múra Yídì, wọ́n ń lọ aṣọ, òórùn ata dídín ti gba gbogbo Òkè-Ṣọ́pẹ́n kan. Mo gbé oúnjẹ dé, a jẹun, èmi tirẹ̀, òun tèmi. Mo jẹ ohun tó wà láwo mi mọ́. Mo wá ní, “Ìyá, fìdíyà mi parí lónìí.”

Ó ní, “Tèmi náà parí.”

Mo wò ó. “Tiyín bí ti báwo?”

“Ṣé ìwọ nìkan ni kò gbààwẹ̀ ni? Ara mi kò gbé e mọ́, èmi náà gbọ́dọ̀ bọ́ tálákà. Àfáà ní tálákà bíi tèmi, Ọlọ́run ti fi jì mí. Mo ní ká má rí i. N ó san tèmi, kó wá tálákà fún mi.”

Mo yíjú wo yàrá rẹ̀. Ẹní kan, ìkòkò kan, ẹja díẹ̀ tó so rọ̀ lókè ààrò, èyí tí ìbá tó o jẹ di ọjọ́ pípẹ́, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ní, “Ta ni tálákà tí ẹ wá ń bọ́?”

Ó kàn ń wo àwo tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀wé o. Èmi ọmọ olóbì, tí apẹ̀rẹ̀ kún àgbàlá wọn dé ẹnu ọ̀nà! Mo fẹ́ bínú, n kò rí ìbínú náà. Mo fẹ́ sọ pé ara mi dá, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ìyá arúgbó tí kò ní nǹkan kan wò mí, ó rí ẹni tó ṣaláìní ju òun lọ, òótọ́ ló sì rí.

Mo na àwo náà sí i. Mo ní, “Ìyá, ṣé ó kù díẹ̀ nínú ìkòkò?”